Ta Ni Àyè Iwájú Tọ́ Sí? Àgbéyẹ̀wò Bí Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú Ṣe Ń Ta Ènì Oníbàárà ní Douala

Ká ní ọkọ̀ òfurufú kan fẹ́ gbéra ní Douala lọ sí Paris lálẹ́ òní, tí ìjókòó kan ṣoṣo sì ṣófo ní iyàrá Business. Oníṣòwò kan láti ọjà Mboppi wà lára èrò, ẹni tó ti ń bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà rìn láti ọjọ́ pípẹ́, tí kì í sì í wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹnjiníà kan láti ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Bassa náà wà níbẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi fún, ṣùgbọ́n tí kì í rìnrìn àjò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì tún wà tí kò bá ilé-iṣẹ́ yìí rìn rí, àmọ́ tó rí lẹ́tà gbà lórí fóònù rẹ̀ pé bí ó bá lè fi iye kan lé owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yóò sùn gbalaja títí dé Paris. Ta ni ìjókòó yẹn tọ́ sí?

Bí ẹ bá bi àwọn èrò fúnra wọn, ọ̀pọ̀ ni yóò ní oníbàárà àtijọ́ ni. Bí ẹ bá bi kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ sanwó ni yóò pè. Àárín ìdáhùn méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Douala ni mo fi ṣe ibi ìwòye. Ibẹ̀ ni ọrọ̀ ajé Cameroon fi ṣe ibùjókòó: èbúté wà níbẹ̀, báńkì wà ní Bonanjo àti Akwa, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tò lọ bẹẹrẹ ní Bassa, pápákọ̀ òfurufú kò sì jìnnà sí wọn. Air France, Brussels Airlines, Turkish Airlines, Ethiopian Airlines, Royal Air Maroc àti ASKY tó fi Lomé ṣe ilé wà lára àwọn tó ń kó èrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní iyàrá First rárá. Business ni òpin ipò ọlá nínú wọn, òun náà ni àwọn èèyàn ń lé. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò láàrin Èkó, Kútọnu, Lomé àti Douala mọ àwọn orúkọ yìí dáadáa, nítorí káàdì oníbàárà kan náà ni ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń fún gbogbo wa.

Káàdì yẹn ní ìtàn. Ní 1978, ìjọba Amẹ́ríkà yọwọ́ kúrò nínú dídá iye owó ọkọ̀ òfurufú, ìdíje sì bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ilé-iṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1981, American Airlines gbé ètò AAdvantage jáde fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Inú Sabre, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba àyè sílẹ̀ fún èrò, ni wọ́n ti wá nọ́ńbà tẹlifóònù tó ń padà wá léraléra, kí wọ́n lè mọ àwọn tí wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. United tẹ̀lé wọn láàrin ọjọ́ díẹ̀, kò sì pẹ́ tí àṣà náà fi tàn ká ayé. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti rajà lọ́wọ́ ìyá oníṣòwò nílẹ̀ Yorùbá. Bí ẹ bá ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá kan lójoojúmọ́, ìyá yóò wọn tiyín tán, yóò sì bu ènì lé e. Máìlì ni ènì ọkọ̀ òfurufú, ìjókòó iwájú tó bá ṣófo sì ni ènì tó dùn jù.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tiwa kò dúró gbọn-in tó kí irú ènì bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní Yaoundé ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó bí Air Afrique ní 1961, tí Cameroon jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín. Ní 1971 Cameroon jáde, ó dá Cameroon Airlines tirẹ̀ sílẹ̀, Air France sì ní ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Air Afrique wó ní 2002, Cameroon Airlines kógbá sílé ní 2008. Camair-Co tó rọ́pò rẹ̀ gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2011, láti Douala lọ sí Paris, nínú Boeing 767 tí wọ́n sọ ní Dja. Inú àwọn ará ìlú dùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìrìn àjò Paris yẹn kò pẹ́ títí. Nítorí náà, ọwọ́ àlejò ni ẹni tó ń ti Douala lọ sí ọ̀nà jíjìn ń kó ìfọkànsìn rẹ̀ lé: ètò Flying Blue ti Air France àti KLM, Miles & More tí Brussels Airlines ń lò, ShebaMiles ti Ethiopian, Miles&Smiles ti Turkish. Paris, Frankfurt, Addis Ababa àti Istanbul ni wọ́n ti ń ṣe òfin wọn, kò sì sí ẹni tó ń bi ará Mboppi léèrè kí wọ́n tó yí i padà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí àwọn tó ń ṣàárò ayé àtijọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Nígbà tí wọn kò tíì máa ta àyè iwájú fún ẹni tó bá nawọ́ owó, kì í ṣe oníbàárà tòótọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Ẹni tó mọ èèyàn nídìí káńtà ń lọ síwájú, ọmọ olóyè ń lọ, ọ̀rẹ́ ọ̀gá ibùdó ń lọ, ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ń dán náà sì lè rí ojú rere. Obìnrin oníṣòwò tó fi ìpele ró, tó sì gbé àpò ìdọ̀họ dání, kì í sábà sí nínú wọn, bó ti wù kó máa wọ ọkọ̀ tó. Títà tí wọ́n ń tà á lónìí ti mú ìyẹn dínkù. Kọ̀ǹpútà kò mọ ọmọ ẹni kankan. Èyí jẹ́ àǹfààní gidi, n kò sì ní fojú fò ó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tà á? Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni kí ilé-iṣẹ́ dá iye kan, kó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín tàbí kó sọ ọ́ fún yín ní káńtà: ẹ san iye báyìí, ẹ bọ́ síwájú. Èkejì ni kí ẹ̀yin fúnra yín dárúkọ owó. Ilé-iṣẹ́ kan ní Montreal, Plusgrade, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, ló sọ èyí di òwò ńlá káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló sì ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ lábẹ́ orúkọ tiwọn. Ẹ ó rí àmì kan lójú fóònù tó ń rìn láti ibi tí ìrètí kò ti pọ̀ dé ibi tí ìrètí ti pọ̀, bí ẹ bá ṣe ń fowó kún un. Ẹ ó fi nọ́ńbà káàdì báńkì yín sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ọkọ̀ tó gbéra, ìdáhùn yóò dé, bí wọ́n bá sì gbà, wọ́n ti yọ owó náà nìyẹn.

Àwọn nǹkan kan wà tí ojú fóònù kì í pariwo. Ẹ kò lè rí iye tí àwọn yòókù dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò mọ iye ìjókòó tó ṣófo. Iye tí ẹ dárúkọ sábà máa ń jẹ́ ti ẹnì kan, fún ẹsẹ̀ ìrìn àjò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń lọ láti Douala sí Brussels, kó tó tẹ̀síwájú sí Montreal, lè rò pé òun ti ra gbogbo ọ̀nà, kó sì jẹ́ ìlàjì ló rà. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, iye máìlì tí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹ fún ni ẹ ó gbà, bí ẹ tilẹ̀ jókòó síwájú. Ẹrù náà ńkọ́? Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ẹ gbé ẹrù bí ẹni Business, àwọn mìíràn kò gbà. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹrù sí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Kò yani lẹ́nu pé ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn òwò yìí. Ìjókòó tó bá ṣófo nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti di òfo, kò sí ẹni tó lè tà á lọ́la. Delta ti Amẹ́ríkà ló fi hàn kedere jù. Ní nǹkan bí ọdún 2011, ìjókòó iwájú tí ẹnì kan sanwó fún nínú ọkọ̀ wọn tó ń rìn láàrin Amẹ́ríkà kò tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn oníbàárà àtijọ́ ni wọ́n ń fún ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Nígbà tó fi máa di 2015, èyí tí wọ́n ń rí tà ti ju ìlàjì lọ, ó sì ń pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Àwọn Yorùbá tó wà ní Atlanta àti Houston, tí wọ́n ń gbé káàdì ọlá kiri, rí i ṣẹlẹ̀ lójú ara wọn: orúkọ wọn wà lójú pátákó, wọ́n wà ní ipò kejìlá, àyè méjì ló ṣófo, nígbà tó sì di ìṣẹ́jú ìkẹyìn, àyè méjèèjì ti lọ fún ẹni tó san owó táṣẹ́rẹ́. Láàrin Atlanta sí Èkó, ìrètí yẹn kò tilẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí Delta kì í fi ìjókòó Delta One ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ta káàdì lọ́rẹ lásán.

Àdánù ìjókòó nìkan kọ́ ló dé bá oníbàárà. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó jẹ́ oníbàárà gan-an ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni wọ́n fi ń ka máìlì. Delta àti United fi iye owó rọ́pò rẹ̀ ní 2015, American tẹ̀lé wọn ní 2016. Ní 2018, Flying Blue àti Miles & More náà bọ́ sí i. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, British Airways ti ń fi iye owó tí èèyàn ná díwọ̀n ẹni tó máa gba káàdì wúrà: àmì kan fún pọ́n-ùn kan, 20,000 àmì fún káàdì náà. Ẹni tó ń lọ láti Èkó sí London, tí wọ́n bá ń ka 800 pọ́n-ùn fún un nínú tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ nígbà 25 láàrin ọdún kan. Èyí ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù lọ. Kò sí oníṣòwò Balógun tó lè ṣe é, kódà bí ó bá fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ní owó Douala. Owó Yúrò kan jẹ́ 655.957 CFA, iye yìí kì í yí padà. Nínú ètò tí Flying Blue gbé kalẹ̀ ní 2018, ẹni tí kò tíì ní ipò ọlá ń gba máìlì 4 fún Yúrò kan. Ká sọ pé oníṣòwò Mboppi wa san 600,000 CFA fún tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọkọ̀, àlọ àti àbọ̀. Ó tó 915 Yúrò. Bí a kò bá tilẹ̀ yọ owó orí pápákọ̀ àti ti ìjọba tí wọn kì í kà, máìlì rẹ̀ kò ju bíi 3,660 lọ. Bí ó bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ó ti ná 2,400,000, ó sì ti kó bíi 14,600 jọ. Ẹnjiníà Bassa tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ san 2,400,000 fún Business lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó iye kan náà jọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Títí dé ibẹ̀, a lè ní owó kan náà, máìlì kan náà, kò sí ìrẹ́jẹ.

Àmọ́ ipò ọlá kì í ṣe máìlì. Àmì mìíràn tí wọ́n ń pè ní XP ni wọ́n fi ń kà á, 100 nínú rẹ̀ ni wọ́n sì béèrè fún káàdì fàdákà nínú ètò yẹn. Ọ̀nà Douala sí Paris, tó tó 5,000 kìlómítà, mú XP 8 wá fún ẹni ẹ̀yìn ọkọ̀, ó mú 24 wá fún ẹni Business. Oníṣòwò tó lọ tó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní 64. Kò tíì dé ibi fàdákà. Ẹni Business tí ọ̀gá rẹ̀ sanwó fún, tó lọ tó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ní 144. Ó ti dé, ó ti kọjá. Ẹni tó bá wọn rìn jù, òun ni wọn kò mọ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Ilé-iṣẹ́ ń pè é ní ẹ̀bùn ìfọkànsìn, owó ọ̀gá ẹlòmíràn ló sì ń fi díwọ̀n ìfọkànsìn náà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọ̀nà mìíràn tí àwa kò ní. Káàdì báńkì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kó máìlì jọ, láìwọ ọkọ̀ rárá: wọ́n ra epo, máìlì wọlé, wọ́n ra oúnjẹ, máìlì wọlé. American Express san ju bílíọ̀nù 7 dọ́là lọ fún Delta ní 2024 nítorí òwò yìí. Nígbà tí àrùn Kòrónà dá ọkọ̀ òfurufú dúró, ètò máìlì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi dúró láti yá owó: United yá bílíọ̀nù 6.8 dọ́là ní 2020, Delta yá bílíọ̀nù 9 lọ́dún kan náà, American yá bílíọ̀nù 10 ní 2021. Ohun tí a ń pè ní ènì ti di dúkìá tí báńkì ń gbà bí ohun ìdógò. Ní Douala, níbi tí ọ̀pọ̀ òwò ṣì jẹ́ owó ọwọ́ àti owó orí fóònù, ẹni tó fẹ́ máìlì gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ kó tó rí i. Òun ló ń ṣiṣẹ́ jù fún un, òun náà ni kì í sábà ní èyí tó tó ná.

Bí ẹ bá wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà láti Guangzhou, Dubai tàbí Istanbul wá sí Mboppi pé kí ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, díẹ̀ ni yóò dárúkọ ìjókòó iwájú. Kílò ni wọ́n fẹ́. Àpò kan tó lé jẹ́ owó, ọjà tó bá dé ṣáájú ti ẹlòmíràn sì jẹ́ èrè. Káàdì wúrà ti Star Alliance, ẹgbẹ́ tí Ethiopian, Turkish àti Brussels Airlines wà nínú rẹ̀, ń fún èèyàn ní àpò kan sí i tàbí 20 kílò sí i. Flying Blue Gold náà ní àpò kan tirẹ̀. Lójú tèmi, ènì tó ní ìtumọ̀ fún ará Douala àti ará Èkó nìyí. Ó tún yẹ kí a fi òmìnira láti yí ọjọ́ ìrìn àjò padà kún un, torí pé ẹni tó ń dúró de ọjà tó há sí èbúté kò lè mọ ọjọ́ tí òun yóò padà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò lè mú ẹnikẹ́ni já àyè Business mọ́ ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ lè ta ìjókòó rẹ̀, kó sì fi kílò dá oníbàárà rẹ̀ lọ́lá.

Ní ti òfin, èrò tó ń ti Douala lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù nínú ọkọ̀ Air France tàbí Brussels Airlines ní ẹ̀tọ́ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òfin 261 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2004 ní bí ilé-iṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ gbé èrò sí ipò tó ga ju ti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ béèrè kọ́bọ̀ lé e. Bí ó bá sì já a wálẹ̀ sí ipò tó rẹlẹ̀, lórí ọ̀nà tó jìn bíi ti Douala sí Paris, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì náà ni yóò dá padà láàrin ọjọ́ méje. Ẹ̀tọ́ yìí kò dúró de káàdì kankan. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún aládùúgbò.

Kí ló ń jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bọ̀wọ̀ fún oníbàárà? Ìbẹ̀rù pé ó lè lọ. Ní 2023, Delta kéde pé ẹni tó bá fẹ́ ipò Diamond gbọ́dọ̀ ná 35,000 dọ́là lọ́dún. Ariwo sọ, oṣù kejì kò tíì parí tí ọ̀gá wọn, Ed Bastian, fi gbà pé àwọn ti ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n dín in kù sí 28,000. Àwọn èrò wọn ní ibòmíràn tí wọ́n lè yà sí. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí London ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024, owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn àlejò já wálẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ní Douala, ọ̀nà tí èèyàn lè yà sí kò pọ̀. Àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe àdéhùn Yamoussoukro ní 1999 láti ṣí ojú òfurufú fún ara wọn, wọ́n tún un ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2018 lábẹ́ orúkọ SAATM, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń falẹ̀, ènì yóò máa kéré.

Ìdájọ́ mi nìyí. Títa ìjókòó tó ṣófo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìpolówó pé ipò ọlá ń mú èèyàn lọ síwájú, kó wá tà á fún ẹlòmíràn ní ìdákọ́ńkọ́, kó má sì sọ ètò tí ó ń tẹ̀ lé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: ta ló ń ṣáájú ta, ìgbà wo ni títà parí, ìgbà wo ni ènì bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí èèyàn rìn mọ́ iye owó tó san. Àjọ CCAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Cameroon, àti NCAA ní Nàìjíríà, lè béèrè èyí lọ́wọ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ máa balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò sì ní ná wọn ní nǹkan kan ju lẹ́tà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn, ẹ má fi 100,000 CFA lé owó tíkẹ́ẹ̀tì nítorí máìlì tí kò tó 3,000. Ẹ yan ọkọ̀ tó gba ẹrù yín, tó ń gbéra lásìkò, tí owó rẹ̀ bá àpò yín mu. Máìlì tó bá wà nílẹ̀, ẹ tètè ná an, nítorí ilé-iṣẹ́ lè sọ iye rẹ̀ di kékeré nígbàkígbà tó bá wù ú, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ní ọjọ́ tí yóò kú.